Máàkì Mẹ́ta fún Ìbákà Nima

"Màámi, ta lẹ fún ní mẹ́ta?"

Píìnì wà láàárín ètè Fáìsátù, kò lè dáhùn. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Darkuman nílùú Accra, ó ń ká etí kaba tí Abena, oníbàárà rẹ̀, fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Habiba ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó fẹsẹ̀ sáré wá láti Kaneshie.

Fáìsátù tu píìnì sọ́wọ́. "Mẹ́ta wo? Ṣé o ò ní kọ́kọ́ kí ìyá ẹ ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Àǹtí Abena, ẹ káàsán. Àwo tí ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí ni mò ń wí. Ìbákà Nima. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá!"

"Ìyẹn?" Fáìsátù rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀. "Àánú ló ṣe mí tí mo fi fún un ní mẹ́ta."

"Màámi, ẹ gbọ́ mi. Ìbákà Nima yẹn, bàbá Yusif ni."

Ọwọ́ Fáìsátù dúró lórí aṣọ. Abena, tó ti bá àwọn Alata, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ghana, gbé àgbàlá kan náà láti kékeré tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, káwọ́ lérí. "Ei! Awurade! Yusif tó fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Òun náà ni. Bàbá tó ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́la."

Gbogbo Sátidé ni Fáìsátù máa ń wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Madina, níbi tí ilé rédíò kékeré kan ti ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Accra àtàwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn orin. Nígbà tó kú, ó fi àwo orin lọ́pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀ àti gírámáfóònù kan, Fáìsátù sì máa ń gbọ́ wọn bó bá ń ránṣọ. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ tí Olútóyè, atọ́kùn ètò náà, ń yin àwo àtijọ́ kan lórí rédíò. Ló bá gbé fóònù, ó pè é, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ àwo yẹn dópin, àbí ẹ̀yìn páálí ẹ̀ lẹ kà?" Olútóyè rẹ́rìn-ín títí, ó ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni apá ìparí ètò náà ti di tirẹ̀. Á mú àwo kan wá, á gbé e sí i, á sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, á sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá.

Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwo highlife kan láti Kumasi gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀: "Àwọn tó ń fun fèrè ń bára wọn jà, ṣùgbọ́n ìjà tọkọtaya ni, wọ́n á ti parí ẹ̀ kí orin tó tán." Àwo sákárà kan gba mẹ́fà: "Ọgbọ́n inú ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bàbá yìí ń kọrin bí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ tó ti tutù." Ẹyọ kan ṣoṣo ló tíì gba mẹ́wàá, àwo wéré kan tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé sí i nígbà ààwẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni Fáìsátù ń sun lórí rédíò títí Olútóyè fi sáré gbé ìpolówó ọjà sí i.

Ní ti Ìbákà Nima, ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà rèé: "Ọkùnrin yìí lóhùn, ṣùgbọ́n kò fi kọrin. Ohùn ẹnìkan ní Èkó ló lọ yá, ó gbé e wọ̀ bí agbádá tí wọn ò wọ̀n fún un, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ etí ẹ̀ láti orin àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará, ìbákà kọ́ nìyí. Adìyẹ tó gbọ́ ìròyìn ìbákà ni."

Nígbà tí Habiba tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, Abena bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu kíá. "Má bínú, Habiba. Chale, ọ̀rọ̀ yẹn dùn."

"Ta ló mọ̀?" ni Fáìsátù wí. Ó ti dìde, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. "Alhaji Àdìgún tó ń ta ẹní àti búùtà ní Nima! Ọkùnrin tó wà lára páálí àwo yẹn wọ jígí dúdú, irun orí ẹ̀ kún bí igbó. Alhaji tí mo mọ̀, orí wọn ń dán bí abọ́."

"Yusif alára ò mọ̀, Màámi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, Bàbá àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ń gbọ́ rédíò. Bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ yẹn, àgbà kan ní, 'Àdìgún, ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?' Gbogbo wọn kọ́kọ́ ń yọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ wá dé orí adìyẹ, wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà gidi. Bàbá pa rédíò, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde. Títí di báyìí, wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Fáìsátù jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tí òun àti Habiba yóò fi délé, Súràjùdéènì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àfáà ni, ilé-kéwú rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, òun ló sì ń ṣe bíi bàbá fún Habiba láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú. Kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bọ́ bàtà.

"Fáìsátù, ó rọrùn. Pe Olútóyè. Ní kó kéde pé mẹ́jọ lo fẹ́ sọ, ahọ́n ló yọ̀."

"Bọ̀dá, ẹ̀yin àfáà lẹ ní kí n parọ́?"

Súràjùdéènì wúkọ́. "Kì í ṣe irọ́. Àtúnṣe ni."

"Láti mẹ́ta dé mẹ́jọ? Ìyẹn kọjá àtúnṣe, Bọ̀dá. Ilé tuntun nìyẹn."

"Ṣé orin lo fẹ́ fi ba ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́? Orin tí wọ́n ti kọ kí Habiba tó dáyé! Ta ló tiẹ̀ ń béèrè máàkì lọ́wọ́ ẹ?"

Fáìsátù fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá ojú Habiba. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku ló kó sí i. Habiba kì í sábà sunkún. Ẹ̀rín ló máa ń fi gba gbogbo nǹkan.

"Màámi," ni ó wí, "mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́. Ẹ ṣáà tún un gbọ́. Bóyá ẹ máa rí i pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyẹn ni Fáìsátù gbà. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní níwájú gírámáfóònù, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó fi gbogbo inú rere tó ní gbọ́ ojú kìn-ín-ní. Ó ń wá ibi tí òun yóò ti rí máàkì kan sí i, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sínú iyanrìn. Gìtá náà ń lọ geere, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti lanu, á fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀, á sì máa fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni tó ń kígbe láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó dé ibì kan tó ti fẹ́ ké bí ẹni tó ń fara wé ṣe máa ń ké, ohùn náà gòkè, ó gbọ̀n, ó sì dá sí méjì.

Habiba fọwọ́ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Fáìsátù rò pé ẹkún ti tún dé, ó nawọ́ láti fà á mọ́ra.

"Màámi," ni Habiba wí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí, "ó burú. Wallahi, ó burú lóòótọ́!"

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dìrọ̀ mọ́ra wọn, bí ọ̀kan bá fẹ́ dákẹ́, ohùn inú àwo náà á tún ké, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ojú kejì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi orin kúkúrú kan tó wà lápá ìparí. Nígbà tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀, Fáìsátù fọwọ́ kan itan ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín wọn sì lọ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Inú orin yìí ni mẹ́ta rẹ̀ ti wá. Ó wá ìkẹrin káàkiri, kò rí i.

"Bí wọ́n bá bi yín lọ́la, kí lẹ máa sọ?" ni Habiba béèrè.

"Màá bẹ̀ wọ́n nítorí adìyẹ. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí mẹ́ta."

Habiba ronú sí i. "Ó dáa, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná o."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alhaji Sàbíù Àdìgún dé pẹ̀lú Yusif ọmọ rẹ̀ àti àwọn àgbà mélòó kan láti Nima. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, jàlábíà funfun tó wọ̀ kò ní ìkákò kan. Ó kí gbogbo ilé, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ènìyàn, ó jókòó. Abena, tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wọn dáná, bu waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, àti ẹja díndín síwájú wọn, ó gbé ife sobolo tútù tì í. Alhaji jẹun. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Súràjùdéènì ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ooru, ó sọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀nà Kaneshie, ó sọ ìtàn bí àwọn bàbá wọn ṣe dé Accra. Yusif jókòó sí òdìkejì Habiba, àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀. Ẹnu Alhaji ni gbogbo ilé ń wò, nítorí òun ló yẹ kó sọ ohun tó gbé wọn wá. Kò sọ ọ́. Ó kàn ń yí ife sobolo rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ara Súràjùdéènì kò gbà á mọ́. "Alhaji, ọ̀rọ̀ rédíò àná yẹn. Ẹ mọ̀ pé ẹnu àwọn obìnrin…"

"Àfáà, ẹ jọ̀ọ́," ni Alhaji wí pẹ̀lẹ́. "Lẹ́nu àwọn gan-an ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Màmá Habiba, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Fáìsátù dìde níbi tó jókòó sí, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Alhaji, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ adìyẹ tí mo sọ, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde sí etí gbogbo ayé. Àwàdà ló gbé mi lọ. Ẹ má bínú."

"Mo ti forí jì yín. Mẹ́ta ńkọ́?"

Habiba di ojú. Abena, tó ń kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná, dúró láìgbé ẹsẹ̀.

"Alhaji, mo tún un gbọ́ lánàá. Mo wá ìkẹrin títí ó fi rẹ̀ mí. Mẹ́ta ṣì ni."

"Ṣùbùhánálláàhì!" ni Súràjùdéènì wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀.

Alhaji gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Bó bá burú tó bẹ́ẹ̀, òdo ló yẹ kẹ́ ẹ fún un. Kí lẹ rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi fún un ní mẹ́ta?"

"Orin òjò yẹn ni. Èyí tó wà lápá ìparí ojú kejì. Nínú ìyẹn, ẹ gbàgbé pé ẹ̀ ń fara wé ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú ilé ara ẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwo náà rí ni, Alhaji, mi ò mọ iye tí ǹ bá fún un."

Alhaji ṣí fìlà, ó fi í sórí orúnkún, ó sì ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí.

"Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn," ni ó wí. "Ọ̀gá tó fẹ́ ṣe àwo náà ní kí n kọrin bíi ti gbajúmọ̀ kan ní Èkó, ó ní ohun táwọn èèyàn ń rà nìyẹn. Mo gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ojú kejì kún, ọ̀gá jáde lọ jẹ kenkey. Mo bẹ ẹni tó ń ta gìtá pé kó bá mi ta á, mo sì kọ orin tí ìyá mi máa ń kọ bí òjò bá ṣú. Kí ọ̀gá tó padà dé, a ti ṣe tán." Ó mi orí. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo àwo náà dùn. Gbogbo ẹ̀ pátá! Kò sẹ́nìkan nínú wọn tó dárúkọ orin yẹn sí mi rí. Mo mọ̀ pé wọn ò gbọ́ ọ dé ìparí. Mo gbé orin jù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹní."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi rí," ni Yusif wí.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé adìyẹ ni mí?"

Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ mì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà jáde, ẹ̀rín ńlá, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè wà nínú àyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin rò pé inú ń bí mi!" ni ó wí, ó ń nu ojú. "Ẹ̀rín ló lé mi jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, n kò fẹ́ kí àwọn alákọrí yẹn rí mi. Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni mo lọ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Adìyẹ tó gbọ́ ìròyìn ìbákà! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá orúkọ ohun tí mo ṣe sínú àwo yẹn, n kò rí i, àfi lánàá." Ó yíjú sí Súràjùdéènì. "Àfáà, ọmọ yín la wá tọrọ fún Yusif. Ṣùgbọ́n bí kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ orin mi dópin, ó ti di àna mi."

Ilé dàrú. Abena ké "Ei!" ó sì ju aṣọ ìnuwọ́ sókè. Súràjùdéènì bẹ̀rẹ̀ àdúà lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ọkàn padà. Habiba àti Yusif gbàgbé ilẹ̀ tí wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ara wọn.

"Èmi o, méjì ni ǹ bá fún un," ni Alhaji wí nígbà tí àdúà parí.

"Rárá o, Alhaji," ni Fáìsátù dáhùn. "Mẹ́ta ni. Mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni yọ ọ̀kan níbẹ̀, ẹ̀yin pàápàá."

Yusif ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Bàbá, ẹ kọ ọ́ fún wa. Orin òjò yẹn." Alhaji kọ̀. Ó ní òun ti dàgbà, ó ní sobolo ti mú òun lọ́fun. Habiba bá kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ta ló lè kọ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tọrọ rẹ̀?

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n Màmá Habiba, ẹ wá jókòó síwájú mi níbí. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu mi, ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Fáìsátù fa àga súnmọ́ ọn, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Alhaji wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì kọjá gbólóhùn kejì tí Fáìsátù fi gbọ́wọ́ sókè.

"Fáìsátù!" ni Súràjùdéènì kígbe.

"Èkó ti wọlé, Bọ̀dá."

"Ó wọlé lóòótọ́," ni Alhaji wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mu omi. Ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró kí ẹnìkan jáde kúrò nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó há díẹ̀, kò sì kánjú:

"Ọ̀run ti ṣú láti ìhà Legon,
ẹ bá mi káṣọ wọlé o,
tàgbà tèwe ń bẹ lórí okùn,
ẹ bá mi káṣọ wọlé."

Yusif ń wo ẹnu bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Abena ti fẹ̀yìn ti òpó, abọ́ tó ń kó ṣì wà lápá rẹ̀. Ọwọ́ Fáìsátù kò kúrò lórí itan. Orin náà lọ títí dé ibi tí àwo ti parí, ohùn àgbàlagbà náà rọra lọ sílẹ̀.

Súràjùdéènì tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu kan etí àbúrò rẹ̀. "Ó ya, mélòó nìyẹn? Mélòó lo máa fún un?"

Ṣùgbọ́n Alhaji tún ti mí sínú, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ẹsẹ orin kan ń bọ̀ tí kò sí nínú àwo, tí ọ̀gá kò dúró gbọ́, nípa aṣọ aládùúgbò tí ìyá kan kó mọ́ tirẹ̀ nínú òjò, tó sì jókòó tó ń ká a jọ fún un.

"Ẹ dákẹ́, Bọ̀dá," ni Fáìsátù wí jẹ́jẹ́. "Kò tíì tán."